Ká Ní Jíìpù Gba Ọ̀nà Mìíràn Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn oníṣẹ́ àwòṣe ọkọ̀ ológun

Ẹ̀yin àgbà wa tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń fi ọ̀bẹ gé rọ́bà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ àwòṣe àkọ́kọ́ yín pọ̀, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Bọ́mọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Mo ti wẹ ọwọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nídìí àwo.

Ẹ wo ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi yìí. Jíìpù ni. Jíìpù àwọn ológun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí ilé iṣẹ́ Willys àti Ford ṣe. Ojúlówó rẹ̀ gùn ní mítà 3.33. Tiwa yìí, tí a ṣe ní ìwọ̀n ọ̀kan nínú 35, kò ju mìlímítà 95 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, òun ni àwòṣe àkọ́kọ́ tí a fi ọwọ́ ara wa tò. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Ohun tí gbogbo ojú ti mọ̀, bí a bá fọwọ́ kan ibi kékeré kan lára rẹ̀, kíá ni ojú máa rí i.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé "ká ní mo mọ̀" ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Nínú irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ lónìí, "ká ní" ló ń ṣíwájú. Ká ní jíìpù fò ńkọ́? Ká ní ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ bí i ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún ńkọ́? Ká ní wọ́n rán an lọ pọnmi ní aṣálẹ̀ dípò kí wọ́n rán an lọ jà ńkọ́? Èèyàn á bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, á wá mú rọ́bà, gúlúù àti ọ̀dà, á fi ìdáhùn rẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo ayé rí i. Irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ ni èmi ń pè ní ọkọ̀ ká-ní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú wa tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe? Mo gbọ́ ohùn wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, torí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ka ihò tó wà níwájú jíìpù kí wọ́n tó kùn ún. Wọ́n mọ̀ pé irin tí wọ́n jó pọ̀ ló wà níwájú ti Willys àkọ́kọ́, àti pé Ford ló mú ojú onírin pẹlẹbẹ oníhò mẹ́sàn-án wá. Wọ́n mọ̀ pé Ford fi lẹ́tà F sára bóòtù tirẹ̀. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa ló lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ tí a ó sì gbà á gbọ́.

Ohun kan ni mo wá sọ. Yí ohun kan ṣoṣo padà, kí o sì san gbèsè rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Yí ohun kan ṣoṣo padà, kí o sì san gbèsè rẹ̀ tán, títí dé orí bóòtù tó kéré jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́

Ní ọdún 1940, ogun ti gba Yúróòpù kan. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ń wá ọkọ̀ kékeré kan tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fà, tó máa lè gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá, tí èèyàn díẹ̀ sì lè gbé sókè bó bá há sí kòtò. Ilé iṣẹ́ 135 ni wọ́n kọ̀wé sí. Ẹ gbọ́ iye ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n fi gbé ẹyọ àkọ́kọ́ wá. Ọjọ́ 49! Ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ American Bantam, ní ìlú Butler ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ilé iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé, ló gbà pé òun á ṣe é. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Karl Probst. Ó jókòó ti tábìlì, láàárín ọjọ́ méjì ó ti ya ọkọ̀ náà sórí ìwé. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n wa ẹyọ àkọ́kọ́ wọ ibùdó àwọn ológun ní Holabird, ní Maryland. Ọjọ́ tí àdéhùn pé gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, Willys àti Ford náà gbé tiwọn wá, ṣùgbọ́n ìwúwo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn. Àwọn ológun kọ́kọ́ ní kí ọkọ̀ náà má ju 1,300 pọ́ùn lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 590. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sókè sí 2,160 pọ́ùn, bíi kílò 980. Ti Willys ṣì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lágbára ju ti àwọn yòókù lọ, wọn ò sì fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀. Delmar Roos, tó jẹ́ olórí àwọn ẹnjiníà wọn, ní kí wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Bóòtù tó bá gùn jù, wọ́n gé e. Irin tó bá nípọn jù, wọ́n fi èyí tó fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, ìtàn fi yé wa pé ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè kùn ún. Bí wọ́n bá kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó ti kọjá òṣùwọ̀n.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ọ̀dà! Ọ̀dà ara ọkọ̀ lásán fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odidi ilé iṣẹ́. Ẹ fi èyí pamọ́ sínú àpò, a ó tún mú un jáde láìpẹ́.

Àwọn ológun wá yan ti Willys, wọ́n sì ní kí Ford náà máa ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí ogun fi parí, ó ti lé ní 600,000. Bantam tó bí ọmọ náà, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí jíìpù ń fà tẹ̀ lé ẹ̀yìn ni wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ tù ú nínú. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí.

Oríṣiríṣi ọ̀bẹ là á rí lọ́jọ́ ikú erin, oríṣiríṣi jíìpù ni ojú sì rí nígbà ogun náà. Ford ṣe èyí tó ń wẹ̀ lómi, tí wọ́n pè ní GPA. Wọ́n ṣe 12,778 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1943, torí ó wúwo, etí rẹ̀ sì sún mọ́ omi jù tí ìgbì òkun bá dé. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó fún Soviet Union. Odò ni wọ́n ń là kọjá níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti rí iṣẹ́ tó bá a mu. Willys ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ń jẹ́ MT. Wọ́n yọ táyà kúrò lára àwọn mìíràn, wọ́n fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin rọ́pò rẹ̀, wọ́n fi ń fa ẹrù lórí rélùwéè ní Burma. Lẹ́yìn ogun náà, láti 1961, àwọn ológun Amẹ́ríkà ní ohun ìjà átọ́míìkì kékeré kan tí ń jẹ́ Davy Crockett. Ẹ̀yìn jíìpù ni wọ́n ti ń yìn ín, ibi tó sì jìnnà jù tó lè dé kò ju kìlómítà mẹ́rin lọ. Ká ní ọ̀kan nínú wa ló gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá síbi ìfihàn, tí kò sì ṣẹlẹ̀ rí, ṣé ẹ ò ní sọ pé ó ti ṣe àṣejù?

Síbẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni jíìpù tó fò.

Raoul Hafner, ọmọ ilẹ̀ Austria tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló ronú rẹ̀. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ kò ju báyìí lọ. Àwọn ọmọ ogun ń fò bọ́ láti inú bàálù, wọ́n ń balẹ̀ sẹ́yìn ọ̀tá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn tí wọ́n bá dé ilẹ̀. Báwo ni ọkọ̀ ṣe máa bá wọn délẹ̀? Hafner ní kí wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ ńlá kan lé jíìpù lórí, kí wọ́n fi ìrù sí i lẹ́yìn, kí bàálù máa fà á lókè bí ọmọdé ṣe ń fa àwòdì onípépà. Tó bá délẹ̀, wọ́n á tú abẹ̀bẹ̀ àti ìrù kúrò, jíìpù á máa lọ. Wọ́n kọ́kọ́ di ẹrù kọnkéré lé jíìpù lásán, wọ́n gbé e sókè, wọ́n jù ú sílẹ̀ láti ibi gíga tó lé ní mítà méjì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá á fọ́. Kò fọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1943 wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀ Bentley, wọ́n sáré, ó sì gbéra kúrò nílẹ̀. Ní 1944, bàálù Whitley fà á lọ sókè gidi. Èèyàn méjì ló jókòó sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Awakọ̀ di sítíárìn ti ilẹ̀ mú, awabàálù di ọ̀pá tó ń darí abẹ̀bẹ̀ mú. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ̀ kan, ọ̀gá méjì, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún òfurufú.

Kí ló wá pa á? Ó fò, ìyẹn dájú. Ohun tó pa á ni pé wọ́n ti ní bàálù aláìlẹ́ńjìnnì tó tóbi tó láti gbé jíìpù sínú, tí jíìpù á sì délẹ̀ láìsí wàhálà abẹ̀bẹ̀. Ìṣòro tó bí i ti rí oògùn mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èyí bọ́ lọ́wọ́ yín. Ìṣòro ló bí i, nígbà tí ìṣòro náà lọ, ó bá a lọ.

Ìdí ni kó kọ́kọ́ dé

Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkọ̀ ká-ní àkọ́kọ́ tí mo ṣe. Mo ní àpótí kan tí mo ń kó àjẹkù ẹ̀yà sí, bí gbogbo wa ṣe ní in. Mo mú jíìpù kan, mo gbé ìbọn ọkọ̀ ogun onírin lé e lẹ́yìn. Mo yọ táyà ẹ̀yìn, mo fi ẹ̀wọ̀n irin rọ́pò rẹ̀. Mo lẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà mọ́ ẹ̀gbẹ́. Mo fi ihámọ́ra bo iwájú. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é, ọ̀dà rẹ̀ sì dára. Mo gbé e lọ han àgbà kan nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n wò ó yíká, wọn ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Ọmọ mi, tí ìbọn yìí bá dún tó sì fà sẹ́yìn, ibo ni orí awakọ̀ wà?"

Mo wò ó. Ìdí ìbọn náà wà ní ibi tí orí awakọ̀ yẹ kó wà gan-an. Oṣù méjì, mi ò rí i.

Wọ́n tún bi mí pé: "Ta ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é?" Mi ò ní èsì. Mi ò ronú kan ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ogun onírin wà nílẹ̀ tó ń gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láìṣe wàhálà. Kò sẹ́ni tó nílò ohun tí mo ṣe. Nǹkan mẹ́rin ni mo yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì san gbèsè ìkankan nínú wọn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gé rọ́bà rí láìjẹ́ pé mo ti kọ gbólóhùn kan sórí ìwé ná: ta ló ń fẹ́ ọkọ̀ yìí, kí ni kò sì jẹ́ kó rí i gbà nígbà náà? Bí mi ò bá lè kọ ọ́, mo máa ń dá àpótí padà sórí pẹpẹ. Ẹ wo Davy Crockett ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ó lè yani lẹ́nu, ó tilẹ̀ ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ gbólóhùn rẹ̀: àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ díẹ̀ ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ ogun onírin tó pọ̀ jù wọ́n lọ máa ya lù wọ́n. Ìdí wà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ sì ju ọkọ̀ lọ.

Gbèsè tó pọ̀ jù ni ìwúwo

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ọ̀dà tí mo ní kí ẹ fi sápò jáde.

Rọ́bà kò wúwo. Àléébù iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ohun tó bá wù ọ́ ni o lè lẹ̀ mọ́ jíìpù, kò ní tẹ̀, kò ní dọ̀bálẹ̀, táyà rẹ̀ kò ní fẹ̀ sílẹ̀. Jíìpù gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí wọ́n ní kó máa gbé ní ojú ọ̀nà burúkú kò ju 800 pọ́ùn lọ, ìyẹn bíi kílò 360, awakọ̀ àti èrò wà nínú rẹ̀. Kílò 360 yẹn ni gbogbo owó tí ẹ gbé wá sọ́jà. Kí lẹ fẹ́ rà?

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kan. Ká ní àwọn ọmọ ogun ní aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà, ní 1942, fẹ́ jíìpù tó ń fún wọn lómi. Èrò àkọ́kọ́ tó máa wá síni lọ́kàn ni pé ká gbé táǹkì omi lé e lẹ́yìn. Ó dáa. Awakọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀, pẹ̀lú ìbọn àti ẹrù wọn, ẹ jẹ́ ká ní wọ́n jẹ́ kílò 180. Ó ku kílò 180. Lítà omi kan, kílò kan. Ká tilẹ̀ má ka ìwúwo irin táǹkì náà sí, lítà 180 nìyẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 mẹ́sàn-án péré. Bí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan bá mu lítà márùn-ún lójúmọ́, èèyàn 36 ló máa yó, fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣé ẹ rí i? Táǹkì omi lórí jíìpù kò wúlò. Ọkọ̀ ẹrù ńlá á ṣe é dáadáa jù ú lọ. Ẹni tó bá ṣe àwòṣe yẹn, bó ti wù kó dára tó, ẹni tó mọ̀ máa wò ó, á sì kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìṣirò tó ti ilẹ̀kùn kan ló máa ń ṣí òmíràn. Jíìpù kò lè gbé omi púpọ̀, àmọ́ ó lè dé ibi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé. Kànga wà ní aṣálẹ̀, omi inú rẹ̀ ló dọ̀tí. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí jíìpù gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi àti ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ lọ bá kànga. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí Bantam ń ṣe, ẹ so ó mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìyẹn lè gbé 500 pọ́ùn, bíi kílò 227. Ẹ ká táǹkì kánfáàsì sínú rẹ̀ bí ẹni ká ẹní, pẹ̀lú igi tó máa gbé e dúró. Tí wọ́n bá dé ìdí kànga, wọ́n á na kánfáàsì náà sílẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí fa omi. Ohun kan ṣoṣo la yí padà: iṣẹ́ tí wọ́n rán jíìpù. Ara rẹ̀ ni gbogbo nǹkan yòókù ti jáde.

Mo ṣe ọkọ̀ yìí, ó wà lórí tábìlì kejì. Ọwọ́ mi ló sọ ìyókù fún mi. Níbo ni páìpù omi máa wà? Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ihò èéfín tó gbóná. Mo fi wáyà tó rọrùn láti tẹ̀ ṣe é. Kánfáàsì náà, pépà ìnujú ni, mo rẹ ẹ́ sínú gúlúù funfun tí mo fomi là, mo ká a nígbà tó ṣì tutù. Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹrù wà lẹ́yìn, ó yẹ kí ẹ̀yìn jíìpù rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo gé ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti pàdé ara ọkọ̀, mìlímítà kan péré. Mìlímítà kan ní ìwọ̀n tiwa jẹ́ 35 lára ọkọ̀ gidi. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa jíìpù máa wò ó, á sọ pé ó jọ pé ẹrù wà nínú èyí o. Kò ní mọ ohun tó jẹ́ kí òun sọ bẹ́ẹ̀. Mìlímítà kan yẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe.

Ti ọkọ̀ ojú irin náà rí bẹ́ẹ̀. Àárín ẹsẹ̀ jíìpù sí ara wọn jẹ́ mìlímítà 1,245. Ojú irin tó wọ́pọ̀ jù láyé fẹ̀ ní 1,435, ti Burma jẹ́ mítà kan gééré. Ní ìwọ̀n tiwa, 35 àti díẹ̀ ni ti jíìpù, 41 ni ti ojú irin tó wọ́pọ̀, ti Burma kò pé 29. Ní ibì kan ẹsẹ̀ máa yọ síta, ní ibòmíràn ó máa wọlé sábẹ́ ọkọ̀. Bí o bá fi ẹsẹ̀ irin rọ́pò táyà ní ojú ibi tí táyà wà tẹ́lẹ̀, kò sí ojú irin kankan tó máa gbà á. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fo èyí. Ohun mìíràn tún wà. Jíìpù tó wà lórí irin kò nílò sítíárìn mọ́, irin ló ń darí rẹ̀. Kí ni awakọ̀ wá ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Nínú tèmi, mo fi okùn so sítíárìn náà mọ́lẹ̀ kó má bàa yí, mo wá fi ìwé tí wọ́n ń kọ iye ẹrù sí lé e lórí itan. Ìwé kékeré yẹn ni gbogbo èèyàn ń bi mí léèrè.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀

Lórí ọ̀dà àti àmì, mi ò ní pẹ́, torí ẹ̀yin tó wà níbí mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má kun ọkọ̀ ká-ní bí ọkọ̀ tuntun. Bí ọkọ̀ kò bá ní àpá, a ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lò ó rí.

Ẹ rántí àwọn jíìpù tí SAS, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkànṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lò ní aṣálẹ̀. Ní òru ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1942, jíìpù 18 ni David Stirling, olórí wọn, kó wọ pápákọ̀ òfurufú Sidi Haneish ní Íjíbítì, ìbọn Vickers K ló wà lára wọn, ìbọn tí wọ́n ṣe fún bàálù tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá wo àwòrán irú jíìpù bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i pé wọ́n ti gé ọ̀pọ̀ nínú irin tó wà níwájú rédíétọ̀. Kí nìdí? Kí atẹ́gùn lè wọlé, torí ooru. Wọ́n tún so agolo kan mọ́ iwájú tó ń gba omi tó bá hó jáde lára rédíétọ̀, kí ẹ̀kán omi kan má ṣòfò. Ẹnikẹ́ni kò ya ìyẹn sórí ìwé ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń lò ó ló ṣe é, pẹ̀lú ayùn, lábẹ́ oòrùn. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá fún ọkọ̀ yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ro ohun tí ẹnjiníà ṣe, ẹ ro ohun tí ọmọ ogun ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibo ni bàtà rẹ̀ ti ha ọ̀dà? Kí ló gbé kọ́? Kí ló gé dànù?

Àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi

Mi ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ gba díẹ̀ ṣe.

Ká ní Bantam ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ńkọ́? Èyí dùn mọ́ mi nítorí ẹ̀tọ́ wọn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, iwájú rẹ̀ rí róbótó, kò ní ojú onígun tí a mọ̀ mọ́ jíìpù lónìí. Ẹ mú ojú róbótó yẹn dé 1944. Ẹ fi sí ẹnu ogun ní Yúróòpù, pẹ̀lú ìràwọ̀ funfun lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ dé ilẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ẹ má fi ìbọn àjèjì kankan sí i. Ojú yẹn nìkan tó. Ẹni tó bá mọ jíìpù máa dúró, á tún un wò.

Ká ní ojú ogun wà ní ibi tí yìnyín ti jìn tó itan, tí awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ tan iná ńkọ́? Ẹ wo ibi tí ooru ẹ́ńjìnnì ń lọ. Ṣé ẹ lè darí rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, tó nà gbalaja lórí àkéte lẹ́yìn? Páìpù kan àti aṣọ kánfáàsì kan ni, kò ju kílò mẹ́wàá lọ. Ó lè gba ẹ̀mí là. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é, mo sì fẹ́ kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣe é. Kò sí bí a ṣe lè ṣe Ifá kó má hùwà èkùrọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣì jẹ́ jíìpù, kékeré, rírọrùn, tí èèyàn díẹ̀ lè gbé sókè.

Èyí tó kù ni èmi ti mú. Ká ní bàálù aláìlẹ́ńjìnnì kò tó ńkọ́? Ká ní igi tí wọ́n fi ń kàn án tán, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ní láti padà sí jíìpù Hafner tó ń fò? Ohun kan ṣoṣo ni mo yí padà, igi. Ọdún kan ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ṣe ìjókòó méjèèjì, mo ti fi ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ kọ́ sókè orí awabàálù, mo ti ṣe ìrù rẹ̀ láti ara pẹlẹbẹ rọ́bà, mo sì ti ya àpá ibi tí okùn ti fà á níwájú. Mo fẹ́ kí ó wà lórí pápá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tó balẹ̀, kí awakọ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì.

Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà nínú àpótí tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Wọ́n ti tú u kúrò lórí jíìpù, kò sì gbọdọ̀ hàn láti òkè, torí bàálù ọ̀tá. Ó gùn ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ogun méjì yìí ń kánjú, ilẹ̀ ti ń mọ́, ọgbà kan wà lápá òsì, kòtò kan sì wà lápá ọ̀tún. Láti bí oṣù méjì ni mo ti ń gbé e síbí, tí mo ń gbé e sọ́hùn-ún, mi ò tíì mọ ibi tí wọ́n máa fi pamọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ sún mọ́ tábìlì, ẹ bá mi wò ó.